Ìbò Àkókò àbí Líǹkì Àdéhùn: Èwo Ló Bá Ìpàdé Yín Mu?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ìbò kan tí mo ṣí láti wá àkókò ìpàdé fi wà nílẹ̀. Àwa méje ni. Mo kọ àkókò mẹ́jọ sílẹ̀, mo pín in fún gbogbo wa, mo wá ń retí. Èèyàn márùn-ún dáhùn lọ́jọ́ kìíní, ẹnì kẹfà dáhùn lọ́jọ́ kẹrin, ẹnì keje di ọjọ́ kẹsàn-án. Nígbà tí mo fi máa kéde Ọjọ́rú tí gbogbo wa fọwọ́ sí, méjì nínú àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn ti fi wákàtí náà sí nǹkan mìíràn. Mi ò lè bá wọn wí. Ta ló máa fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí ìpàdé tí kò tíì dájú?

Lọ́jọ́ mìíràn mo gba ọ̀nà kejì. Mo fi líǹkì kàlẹ́ńdà mi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ ká jọ jókòó pọ̀. Ẹnì kìíní mú Ọjọ́ Ajé, ẹnì kejì mú Ọjọ́bọ̀, ẹnì kẹta mú Ẹtì. Ìpàdé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ṣe di mẹ́ta.

Irinṣẹ́ méjèèjì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe. Èmi ni mo gbé ìbéèrè tí kò kàn wọ́n fún wọn. Ohun tí ìbò àkókò ń béèrè ni pé, "Ìgbà wo ni gbogbo wa lè pàdé?" Líǹkì àdéhùn ní tirẹ̀ ń sọ pé, "Àyè tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi rèé, ẹ mú èyí tó bá yín lára mu." Ẹni tó bá fi èkíní dáhùn ìbéèrè èkejì máa fi àkókò ṣòfò, ẹni tó bá sì yí i padà máa rí irú ohun tí mo rí yẹn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Kí n tó mú èyíkéyìí, iye èèyàn ni mo kọ́kọ́ ń wò, àti ẹni tí ìpàdé ò lè ṣe tí kò bá sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ká ní nínú gbogbo wákàtí iṣẹ́, ìdajì wọn ni ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń dilẹ̀. Tí a bá kàn na ọwọ́ mú wákàtí kan, àǹfààní pé ọwọ́ ẹni méjì dilẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú 4. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó di ọ̀kan nínú 8. Tí wọ́n bá pé méje, ó di ọ̀kan nínú 128. Kì í burú tó bẹ́ẹ̀ lójú ayé, torí pé ọwọ́ àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sábà máa ń dilẹ̀ nígbà kan náà. Síbẹ̀, ìṣirò yẹn jẹ́ ká rí i pé bí ẹnì kan bá kún wa, ìnira ìlọ́po méjì ló ń bá a wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń bi ara mi pé: láàárín ìgbà tí mo bá fi irinṣẹ́ yìí ránṣẹ́ àti ìgbà tí ìpàdé máa dájú nínú kàlẹ́ńdà, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ta sì ni iṣẹ́ náà máa já lé léjìká, èmi tí mo pe ìpàdé ni, àbí ẹni tí mo pè? Bí ibi tí àwọn èèyàn wà bá jìnnà síra, ta ló ń ṣírò aago? Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ àwọn ni mo máa ń fi parí, torí pé ohun tí a lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìbò àkókò

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Ẹni tó pe ìpàdé kọ ọjọ́ àti wákàtí mélòó kan sílẹ̀, ó pín in, kálukú fi àmì sí èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Doodle ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú ẹ̀yà yìí. Orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2007. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó fi ìdáhùn kẹta kún "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá": ẹni tí àkókò náà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ lọ́rùn lè sọ pé òun á wá bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ìdáhùn kẹta yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ìpàdé là, nítorí àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ sọ "rárá", àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé gbogbo àkókò tí kò bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n máa kọ̀.

When2meet gba ọ̀nà mìíràn. Pátákó onígun mẹ́rin ni ẹ máa rí, ọjọ́ lókè, wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kálukú á fi ìka tàbí máòsì fa àwọ̀ sórí gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí wákàtí kan ni àwọ̀ ibẹ̀ ń dúdú sí i. Kò lẹ́wà lójú, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣí àkáǹtì. Fún ẹgbẹ́ tó ń wá àkókò tí wọ́n á máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ẹni tó pe ìpàdé kò ní láti máa méfò lórí àkókò tó yẹ kó dábàá. Àwọn fúnra wọn ló máa yà á han.

Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lo Outlook, ìyẹn ìméèlì àti kàlẹ́ńdà Microsoft, ní èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. FindTime ni wọ́n ń pè é nígbà kan, kó tó di Scheduling Poll. Ó ní nǹkan kan tó wo díẹ̀ lára àìsàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: ó lè fi gbogbo àkókò tí ẹni tó pe ìpàdé dábàá pamọ́ sínú kàlẹ́ńdà onítọ̀hún títí ìbò á fi parí, kí ohun mìíràn má baà gbà á. Ó tún lè gbé ìpàdé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí gbogbo ẹni tó pọn dandan bá ti fẹnu kò. Fún àwọn tí wọn ò fẹ́ kí orúkọ àti àkókò wọn wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, Framadate wà, tí ẹgbẹ́ Framasoft ní ilẹ̀ Faransé gbé jáde, àti Rallly náà, tí kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti wò.

Ìbò inú WhatsApp náà ńkọ́? Láti ìparí 2022 ló ti wà, ó sì gba ohun yíyàn 12. Fún àwọn tó wà nínú gúrúùpù kan náà tẹ́lẹ̀ tí aago wọn sì jẹ́ ọ̀kan, ó tó. Ẹ ò ní láti rán ẹnikẹ́ni jáde kúrò níbi tó wà. Kò mọ ohunkóhun nípa kàlẹ́ńdà, kò sì mọ pé aago mẹ́ta tèmi kì í ṣe aago mẹ́ta tiyín. Ọ̀rọ̀ lásán ni "aago mẹ́ta" jẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ìbò ti ń jáni kulẹ̀, mo ti rí i tó ìgbà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni wákàtí tó ń so rọ̀. Ẹni tó dìbò fún àkókò márùn-ún ti ṣèlérí ìgbà márùn-ún fún ìpàdé kan, kò sì mọ èyí tó máa mú dání. Bí ìbò bá ṣe pẹ́ tó ni ìlérí yẹn ń gbó tó. Èkejì ni pé ẹni tó kọ́kọ́ dìbò máa ń darí àwọn tó kù láìmọ̀. Bí mo bá dé tí mo rí i pé èèyàn mẹ́rin ti kóra jọ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú á tì mí láti sọ pé kò rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ̀kẹta ni ìbò tí ohun yíyàn inú rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù tó rí ogún ìlà á pa á dé, á ní òun á padà wá, kò sì ní padà wá. Ẹ̀kẹrin, tó burú jù, ni pé ìbò kì í parí fúnra rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó wò ó, kó yàn, kó sì fi sínú kàlẹ́ńdà gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìbò ni mo ti rí tí gbogbo èèyàn dáhùn tán, tí ìpàdé kò sì wáyé rárá, nítorí ẹni tó ṣí i rò pé ìdáhùn ti tó.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Mi ò dábàá ju àkókò márùn-ún sí mẹ́jọ lọ, mo sì máa ń tú wọn ká, òwúrọ̀ díẹ̀, ọ̀sán díẹ̀, kì í ṣe kí gbogbo wọn wà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo máa ń fún ìbò ní ọjọ́ méjì péré, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìkíni àkọ́kọ́: "Ọ̀túnla, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni màá tì í." Kí n tó ṣí i rárá, mo ti bá ẹni tí ìpàdé ò lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan ni mo sì ń gbé síta fún àwọn yòókù. Bí mo ṣe kọ́ èyí nìkan ti dín wàhálà mi kù ju gbogbo ohun tí mo sanwó fún lọ.

Líǹkì àdéhùn

Calendly ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Tope Awotona, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 2013, owó tó ti fi pamọ́ fúnra rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ pọ̀: Cal.com, ojú ìwé àdéhùn inú Google Calendar, Microsoft Bookings fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo Microsoft 365. Ẹ so ó mọ́ kàlẹ́ńdà yín, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ń gba èèyàn, ó á fún yín ní líǹkì kan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa rí àyè tó ṣófo nìkan, á mú ọ̀kan, ó tán. Àyè náà ti di ti onítọ̀hún lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíràn ò sì lè mú un mọ́.

Ibi tó ti ju ìbò lọ nìyẹn. Kò sí ohun tó so rọ̀, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wá iṣẹ́ lẹ́nu wò, agbẹjọ́rò, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lọ wo iṣẹ́ kó tó dá iye lé e: gbogbo wọn máa rí i pé ọ̀rọ̀ "ṣé aago méjì dára?" "rárá, mẹ́ta ńkọ́?" ti kúrò nínú ìméèlì wọn.

Ó tún ní agbára lórí bí ọjọ́ yín ṣe máa rí. Ẹ lè sọ pé kí ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín àdéhùn kan àti èkejì, kí ẹnikẹ́ni má lè mú àkókò tí kò tó wákàtí mẹ́rìnlélógún sí ìgbà tó ń mú un, kí àdéhùn má ju mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ẹ má fo ibi wọ̀nyí nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ẹni tó fò wọ́n máa jí lọ́jọ́ kan bá àdéhùn mẹ́fà tó tẹ̀ lé ara wọn láìsí àyè àtimu omi.

Àmọ́ o, òtítọ́ kàlẹ́ńdà yín ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ẹ bá ní kàlẹ́ńdà iṣẹ́ àti ti ilé, tí ẹ sì so ọ̀kan ṣoṣo mọ́ ọn, èkejì kò sí lójú rẹ̀. Pàkúté kan tún wà tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Nínú Google Calendar, bí ẹ bá kọ ohun kan sílẹ̀ fún odindi ọjọ́, bí "Ìsinmi" tàbí "Ìrìn àjò", "ọwọ́ mi dilẹ̀" ló máa ń kà á sí, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Líǹkì yín á sì máa fi ọjọ́ ìsinmi yín han gbogbo ayé pé ó ṣófo. Ẹ yí i sí "ọwọ́ mi dí" lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá mú un.

Ìwà ọmọlúàbí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan sọ pé irinṣẹ́ lásán ni, kò sí ohun tó kan ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò gbà. Tí mo bá ń wá ojúrere ẹnì kan, tí mo wá ju líǹkì sí i láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ohun tí mo ń sọ ni pé kó wá yàn nínú ohun tó ṣẹ́ kù lára àkókò mi. Bó bá jẹ́ àgbà, tàbí ẹni tí èmi ni mo nílò rẹ̀, ó yẹ kí n béèrè àkókò tirẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé mo máa ń kọ àkókò méjì tàbí mẹ́ta sínú ìkíni fúnra mi, màá sì fi kún un pé, "Bí kò bá sí èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn nínú wọn, ẹ sọ èyí tó bá wù yín, èmi ni màá tún ara mi ṣe. Bí líǹkì bá sì yá yín lára jù, òun nìyí." Kò sí ẹni tó tíì bínú sí ìyẹn rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń tẹ líǹkì náà.

Ọ̀rọ̀ aago

Bí gbogbo yín bá wà lábẹ́ aago kan náà, ẹ fo ibí yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibí ni ìyàtọ̀ ti tóbi jù láàárín irinṣẹ́ tó dára àti ìbò inú gúrúùpù. Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní Sunday kejì oṣù kẹta, Yúróòpù di Sunday tó kẹ́yìn oṣù náà kó tó sún tirẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láàárín wọn, ìyàtọ̀ aago tí ẹ ti mọ̀ sórí kò péye mọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í sì sún aago rárá. Íńdíà fi wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn, Nepal fi wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Orí èèyàn kò yẹ kó máa ṣe ìṣirò yẹn.

Àwọn líǹkì àdéhùn ń ka aago ẹ̀rọ ẹni tó ṣí i, wọ́n á sì fi àyè hàn án ní aago tirẹ̀. Doodle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹni tó ṣí ìbò ti tan ìyípadà aago nígbà tó ń ṣe é. Mo tún máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wo orúkọ ìlú tí irinṣẹ́ kọ sókè kí wọ́n tó fi àmì sí ohunkóhun. Ẹni tó wà lẹ́nu ìrìn àjò, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń ka aago ilé, lè dìbò fún òru láìmọ̀.

Àárín méjèèjì

Ààlà ti ń parẹ́. Calendly ní ìbò tirẹ̀ báyìí, Doodle náà ní ojú ìwé àdéhùn. Irú líǹkì kan tún wà tó ń wo kàlẹ́ńdà èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí ọwọ́ gbogbo wọn ti dilẹ̀ nìkan ló sì ń fi han àlejò. Fún ẹni mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ pàdé oníbàárà kan, ó ju ìbò lọ fíìfíì, torí àlejò kò ní láti mọ wàhálà inú ilé. Òmíràn máa ń pín àdéhùn káàkiri láàárín òṣìṣẹ́, ẹni tí ó bá kàn ló máa gbà á. Àwọn irú èyí sábà máa ń béèrè owó.

Owó àti àṣírí

Ọ̀fẹ́ ni When2meet, Framadate àti ìbò WhatsApp. Doodle ní ọ̀fẹ́, ìpolówó ọjà á sì máa bá yín níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ Calendly ń fún yín ní irú àdéhùn kan ṣoṣo, ká ní ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; bí ẹ bá fẹ́ irú mìíràn pẹ̀lú, ẹ máa sanwó. Ẹni tó ní àkáǹtì Google lásán náà lè ṣe ojú ìwé àdéhùn kan. Ẹ lo ọ̀fẹ́ fún oṣù kan kí ẹ tó na kọ́bọ̀.

Ní ti àṣírí, ìbò gbangba ń fi orúkọ gbogbo èèyàn àti ìgbà tí ọwọ́ wọn dí hàn fún ara wọn. Láàárín ọ̀rẹ́ kò burú. Láàárín àwọn tó ń bá ara wọn du iṣẹ́ kan náà, ẹ fi pamọ́. Líǹkì ní tirẹ̀ kì í fi ohun tí ẹ ń ṣe hàn, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè mọ̀ ìgbà tí ọjọ́ yín ṣófo, líǹkì tí ẹ bá sì gbé síta gbangba, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́.

Ta ni kó mú èwo

Bí ẹ bá ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, ẹ lọ ṣe líǹkì lónìí. Google tó bí ẹ bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Calendly tàbí Cal.com bí ẹ bá fẹ́ darí ọjọ́ yín dáadáa.

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá, tí ẹ wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè rí kàlẹ́ńdà ẹnì kejì, ìbò ni tiyín. Doodle bí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bá ti hàn díẹ̀, When2meet bí kò bá hàn rárá.

Bí gbogbo yín bá wà ní ilé iṣẹ́ kan náà tí kàlẹ́ńdà yín sì ṣí síra, ẹ má lo èyíkéyìí. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, ẹ mú àkókò, ẹ fi ìwé ìpè ránṣẹ́.

Bí ẹ bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn àkókò tó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Ẹ wá àkókò tó rọ àwọn mẹ́ta tí ìpàdé ò lè ṣe lẹ́yìn wọn lọ́rùn, ẹ kéde rẹ̀, ẹ gba ohùn ìpàdé náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò bá lè wá.

Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ rí, lẹ́ẹ̀kan péré, tí ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ pè é.